Kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà lórí ilẹ̀ yẹn
Ẹ̀yin tèmi, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí mọ́tò, ẹ gbọ́ o. Tí wọ́n bá pe iye kan tẹ́ ẹ wá dá iye tiyín lé e, lójú òfin ẹ ti pa ti àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ ò lè padà wá fi dandan gbà á. Ẹjọ́ Hyde àti Wrench nílùú Ọba, 1840: oko £1,000, oníbàárà ní òun á san £950, olóko kọ̀, ló bá sáré padà sí £1,000, kóòtù ní kò sí àdéhùn kankan. Òfin yẹn náà là ń lò ní Nàìjíríà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ni, bíi "ṣé mo lè san án díẹ̀díẹ̀?", ìbéèrè lásán kì í pa iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè. Tí wọ́n bá sì ní àwọn á dúró dè yín di Jímọ́ọ̀, tẹ́ ò san nǹkan kan fún ìdúró yẹn, wọ́n ṣì lè yíhùn padà kẹ́ ẹ tó gbà o, kí wọ́n ṣáà ti jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.