Omi dúró sórí dẹ́kìn, àjà sì ń jò: ohun tó yanjú ẹ̀

Bí òjò bá dá, omi kì í kúrò lórí dẹ́kìn, ìyẹn òrùlé kọnkéré pẹrẹsẹ. Àjà yàrá ìsàlẹ̀ sì ń rin. Mo kó ewé kúrò lẹ́nu páìpù tí omi ń gbà jáde, mo tún kun bítúmẹ́ẹ̀nì (ọ̀dà dúdú tí kì í jẹ́ kí omi wọlé), pàbó ni. Ìgbà tí mo na okùn lẹ́fẹ́ẹ̀lì, tí a fi ń mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀, ni mo rí i pé ẹnu páìpù fi 2 cm ga ju ojú dẹ́kìn lọ. Omi wo ló fẹ́ gòkè?

Mo gbẹ́ ògiri etí dẹ́kìn, mo rẹ páìpù wálẹ̀, mo sì dí yíká rẹ̀ dáadáa. Mo po sìmẹ́ńtì 1 mọ́ yanrìn 3, mo tẹ́ ẹ kó máa fi 1.5 cm wálẹ̀ sẹ́nu páìpù ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ fọ ojú àtijọ́, kí ẹ fi omi sìmẹ́ńtì kùn ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ṣí. Ó gbẹ tán kí n tó kun bítúmẹ́ẹ̀nì lẹ́ẹ̀mejì. Mo dí páìpù, mo da omi sórí dẹ́kìn fún wákàtí 24: kò jò mọ́.

Tí irin dẹ́kìn tiyín bá ti hàn síta, ẹ pe ẹnjiníà kí ẹ tó gbé ẹrù sìmẹ́ńtì lé e.