Ẹ dá ètò oníṣẹ́ padà kí macro yín tó kúrò níbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi èdè AutoLISP kọ macro (àkójọ àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀) fún AutoCAD, software ìyàwòrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ètò ẹni tó ń lò ó rú. OSMODE, iye tó ń darí osnap (ohun tó ń mú kí cursor lẹ̀ mọ́ òpin ìlà tàbí àárín rẹ̀), ló máa ń jìyà jù. Wọ́n á sọ ọ́ di 0 kí ìlà má baà lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí wọn ò rán an, iṣẹ́ á parí, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ á wá máa tẹ mouse títí, osnap ò ní dáhùn. Kódà bó pa AutoCAD tó tún un ṣí, bákan náà ni, torí inú registry, ibi tí Windows ń tọ́jú ètò sí, ni iye yẹn ń gbé.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú iye tó wà níbẹ̀:

(setq os (getvar "OSMODE"))

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ dá a padà:

(setvar "OSMODE" os)

Ọ̀pọ̀ ló mọ èyí. Esc ló ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Bí èèyàn bá tẹ Esc láàárín iṣẹ́, ìlà tó yẹ kó dá a padà ò ní ṣiṣẹ́ rárá. Torí náà, ẹ kọ *error* tiyín (function tí AutoCAD máa ń pè bí nǹkan bá dá macro dúró), kí ẹ fi setvar kan náà sínú ẹ̀. Ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn àmì / nínú defun (ìlà tó bẹ̀rẹ̀ macro), kó lè jẹ́ ti macro yẹn nìkan:

(defun c:ila (/ os *error*) ...)

Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tiyín á máa tojú bọ macro ẹlòmíì.

CLAYER (layer tí èèyàn ń yà sí lọ́wọ́) àti CMDECHO (tó ń pinnu bóyá àṣẹ á máa hàn) náà, ọ̀nà kan náà ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ osnap nìkan lẹ ń sá fún, ẹ fi "_non" (ìyẹn ni pé kí osnap má ṣiṣẹ́ fún point yẹn) ṣáájú point kọ̀ọ̀kan nínú command. Ẹ ò tiẹ̀ ní fọwọ́ kan OSMODE.