Bí a ṣe ń gbé iye ìrìn ọkọ̀ àlòkù yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn ìtọ́jú rẹ̀ kí a tó sanwó

Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n bá dé ìdí ọkọ̀ àlòkù ni pé, "Máìlì mélòó ló ti rìn?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí mítà lè sọ kò ju bí ọkọ̀ ṣe rìn jìnnà tó lọ. Kò sọ irú ọ̀nà tí ó rìn, kò sọ ẹni tí ó wà á, kò sì sọ bóyá wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ nígbà tí ó yẹ. Ìtàn ìtọ́jú ni ó ń sọ ìyẹn. Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjì, èyí tí ó ti rìn púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí ìtọ́jú rẹ̀ wà nílẹ̀ ni n ó mú, n ó sì fi èyí tí kò rìn púpọ̀, tí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí wọ́n ṣe sí i, sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn ibi tí èrò yìí kò ti bá a mu wà, n ó sì dé orí wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ gidigidi. Yàtọ̀ sí tòkunbọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, oríṣi ọkọ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé wá tà fún wa: èyí tí ó ń ti Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó tí ó sì ń padà lójoojúmọ́, àti èyí tí olówó rẹ̀ gbé sí ọgbà ilé rẹ̀ nílé, tí ẹnikẹ́ni kì í gbé jáde àfi ní àsìkò Iléyá àti Ojúde Ọba. Mítà ti èkíní á ga, ti èkejì á kéré, èyí tí ó kéré yẹn ni ó sì máa ń tan ènìyàn jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà náà dáadáa

Ẹ wò ó bóyá máìlì ni mítà ń kà tàbí kìlómítà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ń ka máìlì, ti Kánádà ń ka kìlómítà, àwọn méjèèjì sì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.609, nítorí náà ọkọ̀ tí mítà rẹ̀ ka 100,000 máìlì ti rìn nǹkan bíi 161,000 kìlómítà. Ẹni tí kò bá wo èyí yóò máa fi ọkọ̀ méjì tí kò dọ́gba wé ara wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé nọ́ńbà náà lé ọjọ́ orí ọkọ̀. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ń lò fún Amẹ́ríkà ni pé ọkọ̀ máa ń rìn tó 12,000 sí 15,000 máìlì lọ́dún. Ọkọ̀ ọdún 2012 tí ó kúrò níbẹ̀ ní ọdún 2022 yẹ kí ó ti rìn nǹkan bíi 120,000 sí 150,000 máìlì. Bí ó bá wá ka 48,000 péré, ọ̀kan nínú ohun méjì ló ṣẹlẹ̀: bóyá ó jókòó lóòótọ́, tàbí ẹnì kan ti dá mítà rẹ̀ padà. Inú ṣíìpù kékeré kan ni mítà òde òní ń tọ́jú iye náà sí, ẹni tí ó bá sì ní irinṣẹ́ rẹ̀ lè yí i padà láìpẹ́ rárá, láìfi àmì kankan sílẹ̀ lójú mítà fúnra rẹ̀.

Ẹ wá ẹlẹ́rìí mìíràn fún nọ́ńbà náà

Ẹ wo igun òkè gíláàsì iwájú ní apá awakọ̀. Àwọn tí ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní Amẹ́ríkà sábà máa ń lẹ bébà kékeré kan mọ́ ibẹ̀, tí wọ́n á kọ iye máìlì tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ padà wá sí i. Mo ti rí ọ̀kan tí ó ní kí ọkọ̀ padà wá ní 128,500, nígbà tí mítà ọkọ̀ náà ń ka 74,200. Ẹni tí ó fọ̀ ọ́ fún títà ti fọ gbogbo ara rẹ̀ dán, ó kàn gbàgbé bébà yẹn ni.

Rọ́bà orí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ láti fi búréèkì mú, etí ìjókòó awakọ̀ níbi tí itan ti ń kan án, àti awọ ara sitiárìn kì í purọ́ bọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tí ó rìn 50,000 máìlì kò yẹ kí rọ́bà ìtẹ̀sẹ̀ búréèkì rẹ̀ ti jẹ dé irin. Bí ẹ bá sì rí i pé rọ́bà náà tuntun pátápátá nínú ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́tàlá, ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀.

Fún tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, ẹ kọ nọ́ńbà ṣásì, èyí tí wọ́n tún ń pè ní VIN, sílẹ̀. Ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní apá awakọ̀ àti lára ògiri ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Èyí tí ó wà ní ipò kẹwàá ń sọ ọdún ọkọ̀: 8 jẹ́ 2008, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Ẹ lè fi nọ́ńbà yìí ra ìròyìn ọkọ̀ náà lọ́wọ́ Carfax, ilé iṣẹ́ tí ń kó ìtàn ọkọ̀ jọ, níbi tí wọ́n ti ń to iye tí mítà kà sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n tọ́jú rẹ̀, tàbí tí wọ́n tà á. Bí ó bá ka 91,000 ní ọdún 2018 tí ó sì ń ka 60,000 níwájú yín lónìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ohun tí kò sí nínú ìròyìn náà kò ṣẹlẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ni ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Bí a ṣe ń rí ìtàn ìtọ́jú níbi tí kò sí ìwé

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà kò ní ìwé ìtọ́jú kankan. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé wọn kò tọ́jú wọn, ó kàn jẹ́ pé ẹnu ni a ó fi wá a. Ẹ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ni mẹkáníìkì yín, ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀?" Ẹni tí ó tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Bí ó bá fún yín ní nọ́ńbà mẹkáníìkì náà, ẹ má ṣe bi í pé ṣé ọkọ̀ náà dára, nítorí á ní ó dára. Ẹ bi í ní ohun tí ó kẹ́yìn ṣe sí i, irú ọ́ìlì tí ó ń dà sí i, àti bóyá wọ́n ti tú orí ẹ́ńjìnì rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi olówó ọkọ̀ ní ìbéèrè kan náà lọ́tọ̀, kí ẹ wo bí ìdáhùn méjèèjì ṣe bára mu.

Risíìtì ṣọ́ọ̀bù pátì, owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì láti báǹkì, àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ó sọ pé "Bọ̀dá, gíà ti ń já" jẹ́ ẹ̀rí gidi, nítorí ọjọ́ wà lára wọn. Èyí tí ó kẹ́yìn yẹn wúlò ju gbogbo rẹ̀ lọ bí ẹni náà bá gbà láti fi hàn yín.

Ohun mẹ́rin ni ẹ ó wá nínú ìtàn náà. Àkọ́kọ́ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnì: bí wọ́n bá ń lo ọ́ìlì lásán, pípààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà ni ó bọ́gbọ́n mu ní ilẹ̀ wa. Èkejì ni ọ́ìlì gíà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọwọ́ kàn títí gíà á fi bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ni omi rédíétọ̀: ẹni tí ń da omi ẹ̀rọ sínú rẹ̀ lọ́dún dé ọdún ń pe ìpẹtà sínú ẹ́ńjìnì.

Ẹ̀kẹrin ni bẹ́líìtì táímìn, tí ó ń mú kí fáàfù àti písítìnì inú ẹ́ńjìnì máa bá ara wọn rìn. Ibí yìí ni ìtàn ìtọ́jú ti ń ṣẹ́gun mítà pátápátá. Toyota Sienna ọdún 2004 sí 2006 ń lo bẹ́líìtì yìí, Toyota sì ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 90,000 máìlì. Láti ọdún 2007 ṣéènì ni wọ́n fi sí i. Sienna 2005 tí ó ti rìn 140,000 máìlì, tí risíìtì bẹ́líìtì rẹ̀ wà, kò ní ìṣòro níbẹ̀. Èyí tí ó rìn 85,000 láìsí risíìtì ń sún mọ́ àsìkò rẹ̀, rọ́bà rẹ̀ sì ti ń gbó fún ogún ọdún yálà ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn. Àwọn Honda onísílíńdà mẹ́fà bíi Pilot náà ń lo bẹ́líìtì. Bí ó bá já lójú ọ̀nà, písítìnì á kan fáàfù, iṣẹ́ ẹ́ńjìnì ni ẹ ó sì bá pàdé.

Ìtọ́jú kò bo gbogbo àléébù ilé iṣẹ́ mọ́lẹ̀ ṣá o. Camry onísílíńdà mẹ́rin ọdún 2007 sí 2009, èyí tí a ń pè ní Muscle, ni a mọ̀ pé ó máa ń jẹ ọ́ìlì. Fún irú rẹ̀, ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé, "Ọ́ìlì mélòó ni ẹ máa ń fi kún un kí àsìkò ìpààrọ̀ tó dé?"

Ọkọ̀ tí ó jókòó sílé

Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọkọ̀ inú ọgbà Ìjẹ̀bú-Igbó fún yín á ní, "Wọn kì í lò ó, kò rìn rárá." Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀rù rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, síìlì á gbẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e lọ sílé. Pẹtiróòlù á bàjẹ́ nínú táǹkì. Bátìrì á kú. Búréèkì á dípẹtà. Eku á jẹ wáyà. Bí wọ́n bá sì ń tan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ láìgbé e jáde, ẹ́ńjìnì kì í gbóná tó láti lé omi tí ó dì sínú ọ́ìlì kúrò. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tí ó dà bí wàrà tí ó dì, tí ó fẹ́ pọ́n, ẹ ní kí mẹkáníìkì wádìí rẹ̀: ó lè jẹ́ omi tí ó dì nígbà tí ọkọ̀ jókòó yẹn, ó sì lè jẹ́ pé top gasket, ìyẹn ohun tí ó dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, ti lọ.

Ẹ wo táyà náà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára rẹ̀: 2317 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2017. Ojú táyà lè ga dáadáa kí rọ́bà rẹ̀ ti gbó, táyà bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń bẹ́ lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú fẹ́ràn ọkọ̀ tí ń dán. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ Ojúde Ọba.

Ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Èkó lójoojúmọ́

Ìrìn ojú ọ̀nà márosẹ̀ kì í pa ẹ́ńjìnì lára tó ìrìn inú ìlú, nítorí ọkọ̀ ń sáré déédéé, kì í sì í yí gíà léraléra. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Mowé, Ìbafọ̀ àti Berger. Wákàtí tí ọkọ̀ fi ń jó epo nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò hàn nínú kìlómítà, ẹ́ńjìnì sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà náà. Ẹ béèrè bóyá ó máa ń gbóná nínú gosìló. Bí ọkọ̀ bá ń gba ọ̀nà tí tírélà pọ̀ sí, bíi Ṣàgámù sí Ìkòròdù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fi ojú sí: ṣọ́ọ̀kì, búṣìn àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Ìwọ̀nyí rọrùn láti pààrọ̀, wọn kò sì yẹ kí wọ́n lé yín kúrò nídìí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì àti gíà rẹ̀ le.

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kí ẹ sì ṣírò

Ẹ sọ fún olówó ọkọ̀ pé kí ó má tan án kí ẹ tó dé, nítorí ẹ́ńjìnì tí ó tutù ni ó ń fi ariwo àti èéfín rẹ̀ hàn. Mẹkáníìkì tiyín ni kí ó fi síkánà, ẹ̀rọ tí ń ka kóòdù àléébù láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, wò ó, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, síkánà lè sọ bí ó ti rìn jìnnà tó láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́. Bí ó bá ní kìlómítà mẹ́ta péré, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé iná "check engine" ni wọ́n pa kí ẹ tó dé. Ẹ wà á fún bí ìdajì wákàtí, kí gíà gbóná.

Ẹ wá kó gbogbo iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ jọ, kí ẹ fi owó rẹ̀ kún iye tí wọ́n pe ọkọ̀. Kí a fi iye àfinúrò ṣe àpẹẹrẹ: Corolla 2009 kan rìn 230,000 kìlómítà, ẹ̀rí ìtọ́jú rẹ̀ wà, wọ́n pè é ní ₦5,500,000, ẹsẹ̀ iwájú àti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ yóò gba ₦350,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦5,850,000. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan rìn 78,000 kìlómítà, kò ní ẹ̀rí kankan, wọ́n pè é ní ₦6,300,000, táyà mẹ́rin, bátìrì, búréèkì, gbogbo ọ́ìlì, họ́ọ̀sì àti fífọ táǹkì yóò gba ₦900,000. Èyí di ₦7,200,000, ẹ kò sì tíì mọ bí gíà rẹ̀ ṣe wà.

Mítà ni kí ó borí bí ìtọ́jú méjèèjì bá dọ́gba. Ó tún yẹ kí ó borí bí ẹ̀rí ìtọ́jú náà bá ń fi ìṣòro kan náà hàn léraléra, bí ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ top gasket lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn bẹ́ẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n ìtàn àìsàn ni. Fún ọkọ̀ háíbíríìdì, èyí tí ń fi epo àti iná bátìrì rìn, iye ìrìn àti ọjọ́ orí bátìrì ńlá rẹ̀ wúwo ju bí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì lọ.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti fílítà tí ń sẹ́ ọ́ìlì náà lọ́jọ́ náà, ohun yòówù kí ẹni tí ó tà á sọ, kí ẹ sì ra ìwé kékeré kan sínú àpótí iwájú ọkọ̀. Ẹ kọ ọjọ́, iye tí mítà kà, irú ọ́ìlì, àti orúkọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà sí i, kí ẹ sì fi risíìtì rẹ̀ há àárín rẹ̀.