Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi ewé wá ìran ìyá igi ọsàn

Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò DNA (àkọsílẹ̀ ìran tó wà nínú ara ohun alààyè) ọsàn ló ti bàjẹ́ kí ewé tó kúrò lóko. Ohun tí a ń wò níbẹ̀ ni chloroplast, ẹ̀yà wínníwínní inú ewé tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ fún igi. Ó ní DNA tirẹ̀, ọ̀tọ̀ sí ti nucleus, ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tó ní DNA ìyá àti ti bàbá. Ti ọsàn mímu jẹ́ lẹ́tà 160,129 (A, C, G àti T ni lẹ́tà DNA), ọ̀dọ̀ ìyá sì ni igi ti ń jogún rẹ̀.

Ẹ má já ewé lára ọ̀mùnú ìdí igi. Ọsàn mímu tí à ń rà ní nọ́sìrì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí sábà jẹ́ igi méjì nínú ọ̀kan: òkè ni ọsàn mímu, ìdí tí wọ́n lọ́ ọ sí lè jẹ́ rough lemon, irú lẹ́mọ́ọ̀nù kan tí èèpo rẹ̀ rí pálapàla. Ìran ìyá ọsàn mímu wá láti ara pummelo (irú ọsàn ńlá kan), ti rough lemon wá láti ara tanjarín. Bí ọ̀mùnú ìsàlẹ̀ lẹ bá já, tanjarín ni èsì máa pè é, ọ̀rọ̀ oko yín á sì dàrú pátápátá. Ẹ fi ọwọ́ wá kókó tó wà lára igi láàárín kókósẹ̀ àti orúnkún, níbi tí èèpo ti yàtọ̀. Òkè ibẹ̀ ni kí ẹ ti já ewé. Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ fi ìka rún ewé náà kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀: ti rough lemon a máa ta bíi lẹ́mọ́ọ̀nù.

Ẹ má kó ewé tútù sínú náílọ́ọ̀nù. Á láàgùn, á dúdú, DNA rẹ̀ á sì gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ ya ewé gíráàmù 2 sí wẹ́wẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú silica gel (hóró tó ń fa omi) tí kò dín ní gíráàmù 20, kí ẹ dé e pa. Lọ́jọ́ kejì ó yẹ kó máa fọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Nígbà òjò, bí silica aláwọ̀ búlúù bá ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà igi. Spírítì máa ń fọ báírò nù.

Ti máńgòrò, tí ìlú wa kún fún, tún le díẹ̀ nítorí oje rẹ̀. Ewé tí pupa rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di àwọ̀ ewé ló dára jù, kí ẹ sì fi PVP, èròjà tó ń gba oje mọ́ra, kún omi CTAB tí a fi ń yọ DNA jáde, tó gbóná dé 65°C. Láìsí i, DNA á jáde ní àwọ̀ ilẹ̀, kò sì ní ṣeé lò.

Àṣìṣe tó dùn wá jù ni kí ènìyàn rí chloroplast kan náà kó ní irú igi kan náà ni. Pummelo ni ìyá ọsàn mímu, òun náà ni ìyá gíréèpù (grapefruit) àti ọsàn kíkan. Valencia àti Washington Navel, oríṣi ọsàn mímu méjì, chloroplast kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó ń wá bàbá, DNA nucleus ni kó lọ wò.

Bó bá wá kan kíka lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣọ́ra fún apá kékeré DNA chloroplast ọsàn mímu tó jẹ́ lẹ́tà 18,393. Ó wà láàárín ẹ̀dà méjì tó dojú kọ ara wọn, lẹ́tà 26,996 lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó máa ń dojú kọ iwájú tàbí ẹ̀yìn nínú igi kan ṣoṣo. Ìyẹn kì í ṣe ìyàtọ̀ ìran. Ẹ kọ́kọ́ yí i kó bá ti igi àfiwé mu, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyàtọ̀.