Bí A Ṣe Ń Fi Sẹ́ńsọ̀ Ìmọ́lẹ̀ Wọn Omi Inú Táńkì

Ní Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí omi ilẹ̀ ti jìn tí ọ̀pọ̀ agbolé sì ń tọ́jú omi òjò tí wọ́n gbà láti orí páánù, ẹni tí kò mọ iye omi tí ó kù nínú táńkì rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó wá òmíràn. Lílu ara táńkì máa ń tan ẹni tí etí rẹ̀ kò bá mọ́ ọn lára. Gígun àkàbà lọ ṣí ìdérí ní gbogbo ìgbà, ní tirẹ̀, ń jẹ́ kí eruku ọyẹ́ àti ẹ̀fọn ráyè wọ inú omi tí a ń mu. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí sẹ́ńsọ̀ kékeré kan, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí i tó, ṣe lè máa wo omi náà láti òkè, láìjẹ́ pé ohunkóhun tí ó ní iná nínú fara kan omi. Ọ̀nà yìí dára, kò sì nira fún ẹni tí ó bá ti lè so wáyà pọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò: omi fúnra rẹ̀ kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fún ìmọ́lẹ̀ náà ní ohun mìíràn tí yóò bà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ gbọnrangandan sórí omi tí ó mọ́, bíi 2 péré nínú 100 rẹ̀ ni yóò padà sókè. Ìyókù yóò wọ inú omi lọ. Omi yóò gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù náà mì, ìwọ̀nba tí ó bá sì dé ìsàlẹ̀ táńkì tí ó tún padà wá yóò mú irọ́ bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n nínú omi kì í ju bíi 225,000 lọ, nítorí náà sẹ́ńsọ̀ yóò rò pé ìsàlẹ̀ jìn ju bí ó ti jìn gan-an lọ. Mo ti rí àwọn tí wọ́n gbé sẹ́ńsọ̀ rere sọnù nítorí èyí, tí wọ́n ní kò dára, nígbà tí ó jẹ́ pé omi mímọ́ ni wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí.

Àwọn kan yóò béèrè ìdí tí a kò fi lo sẹ́ńsọ̀ olóhùn, èyí tí ń fi ohùn wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà. Ó ṣeé lò, àmọ́ ooru máa ń yí eré ohùn padà: bí afẹ́fẹ́ inú táńkì tí ó wà nínú oòrùn bá fi ìwọ̀n Celsius 20 gbóná ju ti òwúrọ̀ lọ, ìṣírò náà yóò fi ohun tí ó ju 3 nínú 100 yẹ̀, àyàfi bí a bá fi ẹ̀rọ tí ń wọn ooru kún un. Ìmọ́lẹ̀ kò ní ìṣòro yìí.

Fún táńkì ilé tí kò ga ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, sẹ́ńsọ̀ tí mo fẹ́ràn ni VL53L0X láti ilé iṣẹ́ STMicroelectronics. Lésà infrared kékeré kan wà nínú rẹ̀, tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí kò sì lè pa ojú lára. Ó ń ju ìmọ́lẹ̀ náà sílẹ̀, ó sì ń ka àkókò tí ó fi lọ tí ó fi bọ̀. Bí a bá lò ó bí wọ́n ti ṣe é wá, ó lè wọn nǹkan funfun tó bíi mítà 1.2, ó sì lè tó mítà 2 nínú òkùnkùn bí a bá yí ètò rẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá ní àgbá omi abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́, tí ó jìn ju mítà méjì lọ, ni kí ó wá TF-Luna, sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí ń wọn láti sẹ̀ǹtímítà 20 títí dé mítà 8, tí ìtànṣán rẹ̀ sì tóóró gan-an.

Iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pẹpẹ aléfòó, ìyẹn ohun funfun tí yóò máa léfòó sójú omi tí yóò sì máa dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ìtànṣán VL53L0X ń fẹ̀ sí i bí ó ti ń jìnnà sí i, ní ìwọ̀n igun 25. Nígbà tí ó bá fi máa lọ tó mítà kan, fífẹ̀ rẹ̀ ti tó bíi sẹ̀ǹtímítà 44. Bí pẹpẹ yín bá kéré bí àwo ìmùkọ, púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà ni yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, tàbí kí ó fẹ̀ tó bí ẹnu táńkì yín bá ti lè gbà á. Ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fi kó oúnjẹ dára fún un, bí ẹ bá de ìgò oníke méjì tí a ti dé pa sí abẹ́ rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ kí ó má baà rì. Ẹ má ṣe lo fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di ẹrù ẹ̀rọ, nítorí ó máa ń rún sínú omi. Ẹ má sì kùn ún lọ́dà, nítorí omi mímu ni.

Pẹpẹ náà kò gbọ́dọ̀ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ táńkì. Àwọn kan máa ń fi í sínú páìpù kí ó má baà sá, ṣùgbọ́n fún sẹ́ńsọ̀ tí ìtànṣán rẹ̀ fẹ̀ báyìí, ara páìpù ni ìmọ́lẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà, yóò sì máa sọ pé omi ti kún nígbà tí kò tíì kún. Ohun tí ó dára jù ni fọ́nrán ọ̀rá méjì, irú èyí tí àwọn apẹja fi ń de ìwọ̀, tí ẹ so mọ́ abẹ́ ìdérí táńkì, tí ẹ sì so òkúta tí a ti fọ̀ mọ́ dáadáa mọ́ ìdí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè le. Ẹ lu ihò méjì sí etí pẹpẹ náà, kí ihò náà tóbi ju fọ́nrán lọ dáadáa, kí ẹ sì gba fọ́nrán kọjá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ọwọ́ gbé pẹpẹ sókè kí ẹ sì fi sílẹ̀, kí ẹ lè rí i pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ láìhá. Pẹpẹ tí ó há burú ju kí a má ní sẹ́ńsọ̀ rárá, nítorí ìwọ̀n kan náà ni yóò máa sọ nígbà tí omi ń lọ.

Ẹ gbé sẹ́ńsọ̀ náà sínú àpótí oníke kékeré lórí ìdérí, kí ẹ lu ihò sísàlẹ̀ kí ó lè máa wo pẹpẹ náà gbọnrangandan. Ẹ gbé e ga tó bẹ́ẹ̀ tí sẹ̀ǹtímítà 10, ó kéré tán, yóò fi wà láàárín rẹ̀ àti pẹpẹ nígbà tí omi bá dé ẹnu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀, nítorí sẹ́ńsọ̀ yìí kì í wọn ohun tí ó bá sún mọ́ ọn jù. Afẹ́fẹ́ inú táńkì kún fún omi, ìrì sì máa ń sẹ̀ sí abẹ́ ìdérí ní òwúrọ̀. Kí ìrì má baà ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́, ẹ fi oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó mọ́ gaara bo ojú rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ sì fi sílíkónù dí etí rẹ̀. Bí àlàfo bá wà láàárín oníke náà àti sẹ́ńsọ̀, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yóò máa padà láti ara oníke, ìwọ̀n yóò sì máa kúrú ju bó ti yẹ lọ. Táńkì dúdú ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí infrared pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó sì máa ń bo ti sẹ́ńsọ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ti wáyà, mẹ́rin péré ni. VIN àti GND ni ti iná; SDA àti SCL ni ti ọ̀rọ̀. Pákó kọ̀ǹpútà kékeré tí yóò máa ka sẹ́ńsọ̀ ni ẹ óò so wọ́n mọ́. Lórí Arduino Uno, SDA ń lọ sí A4, SCL sì ń lọ sí A5. Lórí ọ̀pọ̀ pákó ESP32, 21 àti 22 ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wáyà ọ̀rọ̀ gùn ju bíi mítà kan lọ, kí pákó náà sì wà lẹ́bàá sẹ́ńsọ̀ nínú àpótí. Ṣájà fóònù tàbí páńẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré tí ó ní bátìrì lè gbé gbogbo rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Pololu ti kọ àkójọ ètò kan (library) fún VL53L0X tí ẹ lè gbé sínú Arduino láìsan owó. Ẹ jẹ́ kí ó wọn nígbà 15 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ó to àwọn ìwọ̀n náà láti kékeré dé ńlá, kí ó sì mú èyí tí ó wà láàárín. Èyí sàn ju kí a pín àpapọ̀ wọn lọ, nítorí ìwọ̀n àṣìṣe kan ṣoṣo, irú mìlímítà 8190 tí sẹ́ńsọ̀ máa ń sọ nígbà tí kò bá rí ohunkóhun, lè ba àpapọ̀ jẹ́ pátápátá. Ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ dànù.

Ó kù kí a sọ jíjìn di lítà. Ẹ tú omi láti ẹnu ẹ̀rọ títí tí kò fi ní jáde mọ́, kí ẹ sì ka ohun tí sẹ́ńsọ̀ sọ: ìyẹn ni òdo yín. Omi díẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, àmọ́ kì í ṣe omi tí ẹ lè lò. Bí ẹ bá rí i pé àwọn ìgò abẹ́ pẹpẹ ti gúnlẹ̀ kí omi tó dẹ́kun jíjáde, ẹ wá ìgò tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀, bí táńkì bá jẹ́ òbìrí tí ó dúró gbọnrangandan, tí fífẹ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 110, sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tí pẹpẹ bá fi gòkè dúró fún lítà 9.5. Ẹ yọ ìwọ̀n tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ kúrò nínú ìwọ̀n òdo, kí ẹ sọ ìyókù di sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì fi 9.5 sọ ọ́ di púpọ̀.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe gba ìṣírò náà gbọ́ kí ẹ tó dán an wò. Ẹ da bídọ́ọ̀nù onílítà 25 mẹ́rin sínú rẹ̀. Pẹpẹ gbọ́dọ̀ gòkè tó bíi sẹ̀ǹtímítà 10.5. Ẹ gbé bídọ́ọ̀nù náà sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó dà á, nítorí lítà omi kan wúwo tó kílò kan, ọ̀pọ̀ bídọ́ọ̀nù tí wọ́n kún dé ẹnu ni ó sì ń gbà ju 25 lọ. Bí táńkì bá dùbúlẹ̀, tàbí bí ara rẹ̀ kò bá ṣe déédéé, ìṣírò kan ṣoṣo kò lè tó. Ẹ máa da lítà 100 sí i lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ máa kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ náà sínú ètò. Iṣẹ́ yìí gba ọjọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń mú kí ìwọ̀n yín ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Láìṣe é, àṣìṣe sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kò jẹ́ ohun ìyanu nígbà tí pẹpẹ bá jìn tó mítà kan, bíi lítà 28 sì nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ náà máa tan ẹ̀rọ tí ń fa omi sínú táńkì kí ó sì máa pa á, ẹ kọ ètò náà kí ẹ̀rọ wà ní pípa nígbàkígbà tí ìwọ̀n kò bá sí tàbí tí kò bá yí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún fi sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ irú kejì sí òkè, èyí tí ó ní gíláàsì onígun lórí. Nígbà tí gíláàsì náà bá wà nínú afẹ́fẹ́, gbogbo ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ni yóò padà sí sẹ́ńsọ̀; bí omi bá ti bò ó, ìmọ́lẹ̀ yóò jáde sínú omi, sẹ́ńsọ̀ yóò sì mọ̀ pé táńkì ti kún. Kò lè sọ iye omi, ṣùgbọ́n kì í gba pẹpẹ gbọ́, ìyẹn ló sì mú kí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì tí ó dára.

Fún àwọn tí ń tọ́jú epo pupa ní ìhà Pobè àti Sakété, pẹpẹ aléfòó ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹra fún sẹ́ńsọ̀ onígíláàsì, nítorí epo máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì máa sọ pé epo wà nígbà tí epo ti lọ sílẹ̀. Ní ti bẹntiróòlù, yálà ti ilé epo tàbí kpayo tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ má ṣe gbé ohun tí mo ṣàlàyé yìí súnmọ́ ọn rárá. Iná kékeré kan tí ó bá ta tó láti jó ilé.

Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ó mọ́ nu ojú oníke sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì yẹ fọ́nrán méjèèjì wò kí òjò àkọ́kọ́ tó dé. Ẹ fi kálàmù tí omi kò lè pa rẹ́ kọ ìwọ̀n òdo àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n sí abẹ́ ìdérí àpótí náà, kí ẹni tí yóò bá tún un ṣe lẹ́yìn yín lè rí i níbẹ̀.