Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Wà Lẹ́nu IT Ṣe Lè Borí Ìbẹ̀rù Àṣìṣe

Torí kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tó ti kà nínú ìwé ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, ṣe dá ètò SIWES sílẹ̀ ní ọdún 1973 (òun ni a ń pè ní IT, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́), nítorí náà ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ kò ní retí pé kí ẹni tó ti ilé-ìwé ní Àgọ́-Ìwòyè wá síbi iṣẹ́ ní Ṣágámù ní ọjọ́ Ajé mọ gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.

Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, kọ́kọ́ tún un sọ fún ẹni tó rán ọ: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é nìyí?” Nígbà tí èmi wà lẹ́nu IT ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo fi mítà wọn iná sọ́kẹ́ẹ̀tì láìyí i kúrò níbi tí a fi ń wọn ampere (bí iná ṣe ń ṣàn tó), fíúsì rẹ̀ jó, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ di ọjọ́ kejì. Ìfipamọ́ yẹn ló bí ọ̀gá nínú, kì í ṣe fíúsì.

Sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sínú logbook, ìwé tí o ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ sí: ohun tó fà á àti bí ẹ ṣe tún un ṣe. Lójú tèmi, logbook tí kò ní wàhálà kankan nínú fún odindi oṣù mẹ́fà á máa fu olùkọ́ lára. Lẹ́yìn náà, mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tí o ń sá fún, kí o bẹ ẹ̀gbọ́n kan kó dúró tì ọ́ bí o ti ń ṣe é.