Ohun tó lé ọbẹ̀dò kúrò nínú púùlù ilé wa

Gbogbo chlorine (oògùn apakòkòrò inú omi) tí mo ń dà sí púùlù, pàbó ló ń já sí. Ara ògiri ṣì ń yọ̀ bí ilá. Ìgbà tí mo fi bébà ìdánwò wo omi náà ni àṣírí tú: pH (ìwọ̀n ásíìdì inú omi; bó bá ṣe ga tó ni ásíìdì ṣe kéré tó) ti kọjá 8, chlorine kì í sì lágbára tó bó ṣe yẹ níbẹ̀. Mo fi ásíìdì fà á wálẹ̀ sí 7.4. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má po ásíìdì mọ́ chlorine láé, èéfín rẹ̀ burú!) Mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ògiri, pàápàá ẹ̀yìn àkàbà tí ọbẹ̀dò ń sá pamọ́ sí. Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo da chlorine sí i dáadáa, fíltà sì ṣiṣẹ́ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, omi funfun, ó rú: ọbẹ̀dò tó ti kú nìyẹn. Fíltà ni mo ń fọ̀ léraléra títí ìsàlẹ̀ fi hàn kedere.